Ìwé Onígbọ̀wọ́ Kì í Ṣe Ọjà, Kì í sì í Ṣe Físà

“Ó ti rí CoS, ó ti wọ Ìlú Ọba tán.” Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń múra àtijápa, yálà ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta. Èrò méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ìwé tí agbanisíṣẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí CoS, ni físà fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé ìwé náà ṣeé rà, pé ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, tó sì mọ ejẹ́ǹtì tó dáńgájíá, yóò rí i rà. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Inú wọn sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó ń ba ìwé àwọn ènìyàn wa jẹ́ ti ń jáde. Ó yẹ ká gbé wọn sórí òṣùwọ̀n òfin físà òṣìṣẹ́ onímọ̀ọ́ṣe, ìyẹn Skilled Worker, ká sì wo ohun tó kù nínú wọn.

Ibi tí èrò náà ti wá

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ètò físà yìí bẹ̀rẹ̀. Òun ló rọ́pò èyí tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ ìrìnnà ṣì ń pè ní Tier 2. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera kún un, iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní care, nítorí pé àwọn ilé ìtọ́jú ń wá òṣìṣẹ́ tì. Iṣẹ́ náà kò béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì, owó tí òfin ní kí wọ́n san fún un kò sì ga. Ẹnu ọ̀nà tó gbòòrò yìí ni àwọn alárékérekè bá wọlé. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ẹnì kan ṣoṣo láti tọ́jú gba ìyọ̀ǹda, wọ́n sì sọ CoS di ọjà títà.

Àsọdùn kọ́ lèyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n tẹ ìjábọ̀ David Neal jáde, ẹni tó ti jẹ́ olórí àwọn olùyẹ̀wò olómìnira lórí ọ̀rọ̀ ẹnubodè àti ìwọ̀lú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjábọ̀ náà fi hàn pé Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan ní CoS 275. Ilé-iṣẹ́ mìíràn gba 1,234, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló ní òun ní nígbà tó gba ìyọ̀ǹda.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan tó fowó ra CoS, tó sì wọlé, lè má purọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó sọ ihò tí olè dá sára ògiri di ẹnu ọ̀nà. Ìjọba sì ti ń dí ihò náà láti ìgbà yẹn wá. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ care tuntun kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn kò gba òṣìṣẹ́ care tuntun láti òkè òkun mọ́ rárá. Ẹni tó bá ń ta CoS iṣẹ́ care fún ẹni tó jókòó sí Nàìjíríà lónìí, ohun tí kò sí ló ń tà.

Ohun tí CoS jẹ́ gan-an

CoS kì í ṣe ìwé tí a ń tẹ̀ sórí bébà dáadáa, ká lu òǹtẹ̀, ká kó o sínú àpò ìwé. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ tó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Home Office ṣí fún ẹnì kan ṣoṣo. Orúkọ ẹni náà àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ àti kóòdù rẹ̀, ibi tí yóò ti ṣe é, iye wákàtí lọ́sẹ̀, iye owó lọ́dún, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí ejẹ́ǹtì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀dà lásán ni. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò lè ṣe irú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òṣìṣẹ́ físà kò ní fi ìyẹn dájọ́. Àkọsílẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ ìjọba ni yóò wò. Oṣù mẹ́ta péré ni a sì fi lè lò ó láti ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá ti fi fún ni. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìlò ó, ó ti di òkú.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ á ní kó mú onígbọ̀wọ́ wá. Ìbuwọ́lùwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá; ẹni tó mọ ayáwó dáadáa, tó lè dáhùn fún un lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni CoS rí. Agbanisíṣẹ́ ń sọ fún Home Office pé iṣẹ́ wà, pé ẹni yìí ni yóò ṣe é, pé iye báyìí lòun yóò san, àti pé òun yóò fi tó wọn létí bí onítọ̀hún kò bá yọjú síbi iṣẹ́. Ta ni yóò ta irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí, tí kò fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, bí kò ṣe ẹni tó ti mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa?

Ọ̀rọ̀ “sílọ́ọ̀tì” tí àwọn ejẹ́ǹtì ń sọ tún fi àìmọ̀kan kún un. Wọ́n á ní “sílọ́ọ̀tì méjì ló kù, ẹ tètè sanwó.” Oríṣi CoS méjì ló wà. Èyí tí Home Office ń pín fún agbanisíṣẹ́ lọ́dọọdún wà fún àwọn tó ti wà nínú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fẹ́ yí físà tàbí agbanisíṣẹ́ padà. Fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè CoS ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà àti owó rẹ̀, kí Home Office yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó fún un. Fún ẹni tó wà ní Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì, kò sí sílọ́ọ̀tì kankan nílẹ̀ tó ń dúró de olówó.

Owó ta ni?

Àwọn kan máa ń jiyàn pé kò sí ohun tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láyé, pé owó ni wọ́n fi ń ṣe CoS. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ owó tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ àti èyí tó jẹ́ ti agbanisíṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ló ń san owó ìbéèrè físà. Òun náà ló ń san owó ìlera, tí í ṣe £1,035 fún àgbàlagbà lọ́dún kọ̀ọ̀kan, àyàfi bí físà rẹ̀ bá jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí kò ní owó yìí nínú. Owó àyẹ̀wò ikọ́ ife àti ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ti agbanisíṣẹ́ yàtọ̀. Òun ló ń san owó ìyọ̀ǹda, òun ló ń san £525 lórí CoS kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, òun náà ló sì ń san owó tí ìjọba ń gbà lórí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ onímọ̀ọ́ṣe tí a bá gbà láti òkè òkun. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2025, owó tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ti di £1,320 lọ́dún fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Òfin kò gbà kí agbanisíṣẹ́ gba owó yìí padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rárá. Ní ti owó CoS àti owó ìyọ̀ǹda, èèwọ̀ ni láti gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Agbanisíṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń wáṣẹ́ kò ṣòro. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn tàbí mílíọ̀nù náírà lọ́wọ́ rẹ “fún CoS,” a jẹ́ pé ẹni náà ń rú òfin tàbí pé kò ní CoS kankan lọ́wọ́. Kò sí ọ̀nà kẹta.

CoS wà, físà kò sí

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé iṣẹ́ wà lóòótọ́, CoS sì jẹ́ ojúlówó. Síbẹ̀, ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Máàkì 70 ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba físà yìí. Wíwà lábẹ́ onígbọ̀wọ́ ní 20, ìpele iṣẹ́ ní 20, èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 10, owó iṣẹ́ ní 20. CoS nìkan kò ju 20 lọ. Inú 50 tó kù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú sí.

Owó iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń tàn wọ́n. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, £25,600 lọ́dún ni iye tó kéré jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó fò sí £38,700. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, ó ti di £41,700. Ẹni tó bá ń fi fídíò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 ṣírò ti padà sẹ́yìn jìnnà. Bákan náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún kóòdù rẹ̀. Èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san. Ìlànà ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ti àwọn olùkọ́ àti ti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹnu iṣẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kan lára ẹ̀ka wọ̀nyí ní tòótọ́. Owó tí wọ́n ń kà ni owó iṣẹ́ tó dájú, tí a kọ sínú àdéhùn. Owó iṣẹ́ àṣekún, owó ọkọ̀ àti owó ilé kò wọ inú ìṣírò.

Ìpele iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, níbẹ̀ sì ni èrò àwọn tó kàwé ti máa ń ṣìnà. Láti oṣù Keje ọdún 2025 yìí kan náà, iṣẹ́ tó yẹ kí ẹni tó jáde ní yunifásítì ṣe ni wọ́n ń gbà, yàtọ̀ sí àwọn iṣẹ́ mélòó kan tí ìjọba yọ sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé nígbà tí àwọn ti ní dìgírì kejì, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni òfin ń wọn, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ọ̀mọ̀wé tí wọ́n gbà láti máa to ọjà sórí pẹpẹ kò yege. Ẹni tí kò ní dìgírì, tó sì mọ iṣẹ́ tó wà ní ìpele náà dunjú, lè yege bí òfin iṣẹ́ ọ̀hún kò bá béèrè dìgírì.

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan mọ èyí, wọ́n sì ń gbìyànjú láti gbé iṣẹ́ kékeré wọ aṣọ ńlá. Wọ́n á pe ẹni tó ń ta oúnjẹ ní “máníjà.” Òṣìṣẹ́ físà lè béèrè pé: ènìyàn mélòó lo fẹ́ máa darí? Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, kí ló fẹ́ fi máníjà márùn-ún ṣe? Bí ìdáhùn kò bá bá ohun tó wà nínú CoS mu, wọn á sọ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ojúlówó, wọn á sì kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gba CoS gbọ́dọ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó fi wé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀: sípẹ́lì orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, kóòdù iṣẹ́, owó àti wákàtí. Bí àṣìṣe bá wà, agbanisíṣẹ́ ni kó tún un ṣe kí ìbéèrè físà tó wọlé.

Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwa ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń yà lẹ́nu jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba wa, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè wa kò sí lára àwọn tí òfin dá àwọn ọmọ wọn sí nínú ẹ̀rí èdè. Ìwé ẹ̀rí WAEC kò sì tó, bó ti wù kí èsì Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dára tó. Ohun tí wọ́n ń gbà ni ìdánwò tí Home Office fọwọ́ sí, tàbí dìgírì tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́, tí àjọ Ecctis sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà tó bá ti yege nínú èdè lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn kò ní láti tún un ṣe. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2026, wọ́n ti gbé ìpele èdè tí wọ́n ń béèrè ga láti B1 sí B2 fún àwọn tó ń béèrè físà yìí nígbà àkọ́kọ́, nítorí náà èsì àtijọ́ lè má tó mọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà ń pa ìwé. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá kọ ọ́ sínú CoS pé òun yóò gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ náà fún oṣù àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní £1,270 nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdáwọ́ dúró. Bí owó náà bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo wálẹ̀ sí £1,269, ìṣírò ti bàjẹ́. Owó tí a yá lánàá, tí a rọ́ sínú àkáǹtì láti ya sítétimẹ́ǹtì, kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife, tó pọn dandan fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà, gbọ́dọ̀ wá láti ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí, oṣù mẹ́fà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé tàbí aláìsàn yóò tún nílò ìwé ọlọ́pàá láti orílẹ̀-èdè tó ti gbé.

Irọ́ àti àṣìṣe

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí ènìyàn ṣe àṣìṣe àti kí ó purọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó lè tún un ṣe, kó padà wá. Ẹni tí wọ́n bá gbá mú pé ó fi ẹ̀tàn béèrè físà lè má fẹsẹ̀ tẹ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 10. Àwọn tó ń sọ pé “ejẹ́ǹtì ló ṣe é, èmi kò mọ̀ sí i” gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin fún òṣìṣẹ́ físà ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìbéèrè tí ìwé èké bá wà nínú rẹ̀, bóyá ẹni tó ni ín mọ̀ tàbí kò mọ̀. Orúkọ rẹ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti ejẹ́ǹtì.

Kò pẹ́ tí irú èyí kan ilé wa gan-an. Ní ọdún 2023, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé èsì ìdánwò orí kọ̀ǹpútà láti ibùdó kan ní Ìbàdàn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣe ìdánwò níbẹ̀ tún un ṣe, títí kan àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ yege pín nínú ìyà ẹni tó san owó fún èsì.

Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè físà tó wá láti òkè òkun, ọjọ́ 28 ni ènìyàn ní láti béèrè pé kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Àṣìṣe òṣìṣẹ́ físà ni àyẹ̀wò yìí wà fún. Kì í ṣe àyè láti wá mú ìwé tí a gbàgbé sílé jáde. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ní “ènìyàn nínú ẹ́ḿbásì” tó lè yí ìpinnu padà, kí a má tilẹ̀ dá a lóhùn.

Lẹ́yìn tí a bá ti wọ̀lú

Èrò pé CoS jẹ́ ọjà máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé nígbà tí àwọn bá ti débẹ̀, àwọn ti bọ́. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Físà yìí so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan àti iṣẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ yí agbanisíṣẹ́ padà gbọ́dọ̀ gba CoS tuntun, kó sì gba ìyọ̀ǹda kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Iṣẹ́ àfikún lábẹ́ òfin kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Bí ìjọba bá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, wọ́n sábà máa ń dín físà òṣìṣẹ́ kù sí ọjọ́ 60, kó fi wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Bó bá hàn pé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ nínú èrú agbanisíṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lè fòpin sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti ra CoS lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò níṣẹ́ ti ra ọjọ́ 60 rẹ̀ ṣáájú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ìwé orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tó ní ìyọ̀ǹda wà lórí ìkànnì ìjọba, gov.uk, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ènìyàn wò ó, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé wíwà nínú rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà ń gba ènìyàn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tòótọ́ ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń jí lò. Kí a fi nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ǹtì fún wa. Ẹni tó bá nílò olùdámọ̀ràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ Immigration Advice Authority. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni fún ẹni tí kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti máa gba ènìyàn nímọ̀ràn físà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe, ta ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún un, èló sì ni wọn yóò máa san fún mi lọ́dún? Bí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó pa owó rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ló ń bí CoS. CoS kò bí iṣẹ́ rí.